Ìyá aláró tí wọ́n ní kó lọ sinmi

Ẹni ọdún 63 ni Màmá nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ tì í wọ yàrá ìtọ́jú wa ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ó jí lówùúrọ̀, ó fẹ́ fa ìró rẹ̀ mọ́ra, ọwọ́ ọ̀tún kò jẹ́ ipè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kò gbé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló bí àrùn rọpárọsẹ̀ ọ̀hún, ó sì ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé òun ní in. Ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ ló ń lo oògùn. Ọjọ́ tí ara bá yá gágá, oògùn á wà nínú ike. Kò sí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa tí kò gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnu rẹ̀ wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń sọ ló ń yéni. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè iṣẹ́ nínú fáìlì, ẹnì kan ti kọ "oníṣòwò" síbẹ̀. Mo kà á, mo ṣí ojú ewé kejì.

Olùtọ́jú nípa iṣẹ́ ni mí, ohun tí wọ́n ń pè ní occupational therapist: à ń ran aláìsàn lọ́wọ́ kó lè padà máa ṣe ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilé ìwòsàn kò mọ ìyàtọ̀ àwa àti àwọn fisio, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń na ọwọ́ fún aláìsàn" ni wọ́n ń pè wá. Orúkọ tí à ń jẹ́ ní "iṣẹ́" nínú, síbẹ̀ oṣù mẹ́ta gbáko ló kọjá kí n tó bi ìyá yìí léèrè irú òwò tó ń ṣe. Nítorí náà, ìjẹ́wọ́ wà nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Mo gbàṣẹ lẹ́nu Màmá kí n tó kọ ọ́, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀.

Ohun tí ìwé kọ́ wa la kọ́kọ́ ṣe. A kọ́ ọ bí yóò ṣe dìde lórí ibùsùn, bí yóò ṣe fi ọwọ́ òsì wọ bùbá, bí yóò ṣe dá wẹ̀. Barthel Index la fi ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1965 ló ti wà: ìbéèrè mẹ́wàá, máàkì 100. Ṣé aláìsàn lè bọ́ ara rẹ̀? Ṣé ó lè wẹ̀, kó múra, kó lọ ṣe gáà, kó rìn, kó gun àtẹ̀gùn? Màmá gba 40 lọ́jọ́ tó dé. Nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, ó ti gba 85. Ẹni tó bá wo ìwé nìkan á ní a kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí máàkì ti ń gòkè ni ìyá ń rẹlẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá bi í. Wọ́n gbé oúnjẹ dé, á ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀ ná. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i, ó ní kí wọ́n sọ pé òun ń sùn. Mo fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kó máa fún un mọ́wọ́, ó fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e kalẹ̀ sórí itan. A ní pátákó kan tó ní ihò, tí aláìsàn á máa ki igi kéékèèké bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìka lè rántí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ kejì tí mo gbé e síwájú rẹ̀, ó wo pátákó, ó wo ojú mi.

"Dókítà, ṣé jẹ́lé-ó-sinmi lẹ gbé mi wá ni?"

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ fura sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kò sì ṣìnà: nínú ẹni mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ bá bá jà, ọkàn ẹnì kan máa ń rì bẹ́ẹ̀. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa lò lálẹ́. Mo dárúkọ oògùn yìí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé iṣẹ́ nìkan ló wo ìyá náà sàn. Mi ò lè pín in sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé èyí tí oògùn ṣe rèé, èyí tí iṣẹ́ ṣe rèé, èyí tí ara ṣe fúnra rẹ̀ rèé, nítorí oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ tó rọ sábà máa ń padà jù.

Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ṣe ohun tó burú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin wà ní Èkó, ọmọbìnrin kan wà ní Manchester, àbígbẹ̀yìn ń bá a gbé nílé. Wọ́n gba ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, owó ń wọlé lóṣooṣù láìyẹ̀. "Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jókòó, ẹ jẹ èrè ọmọ." Ta ni kò fẹ́ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, gbogbo wa la ké e nílé ìwé. Ìṣẹ́ kò sí nílé Màmá, kò wá sí ẹni tó rò pé ó tún lè nílò oògùn rẹ̀.

Ọjọ́ tí nǹkan kọ́kọ́ yí padà, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ọjọ́ Ẹtì ni, mo wọ bùbá àdìrẹ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀ láti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí, etí bùbá mi sì kan itan rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú etí aṣọ náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka rá a wò.

"Èló lo ra èyí?"

Mo sọ iye fún un.

"Wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó funfun. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní Ṣáínà. Èyí tó bá jẹ́ àdìrẹ, aró á jẹ ẹ́ dé ẹ̀yìn."

Láti oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò tíì ti ẹnu rẹ̀ jáde. Láti oṣù mẹ́ta náà, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní "o". Ọwọ́ yẹn ńkọ́? Àtàǹpàkò pàdé ìka, ọrùn ọwọ́ yí, ó di ohun tẹ́ẹ́rẹ́ mú kò sì já a sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti fi pátákó oníhò wá tí mi ò rí nìyẹn, ó sì ṣe é láìmọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo fa àga, mo jókòó, mo wá bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ kìíní.

Aláró ni. Ìyá tó bí i, aláró ni. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń fi ìko di aṣọ. Ìkòkò aró mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, Ìtòkú ló ń kó ọjà lọ, ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí àìsàn dé. Kò sẹ́ni tó bi í ló fi dákẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó gbé e wá ni wọ́n bi léèrè, ìyẹn sì ní "oníṣòwò".

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sílé wọn. Mo bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń dá sọ̀rọ̀. Ní bíi wákàtí kan tí mo fi wà níbẹ̀, èèyàn mẹ́fà kọjá níwájú ilé, gbogbo wọn ló kí i. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá." "Ẹ kú àìlera." "Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà." Ó ń gbé ọwọ́ òsì sókè fún wọn. Nígbà tí ẹnì kẹfà kọjá tán, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ló ń bá wí:

"'Àrẹ̀dú o' ni wọ́n máa ń kí mi."

A kì í kí aláró bí a ti ń kí àgbẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni tirẹ̀, àdúrà sì ni: ẹni tó ní "Àrẹ̀dú" ń tọrọ pé kí aró mú, kí aṣọ dú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà ni. Ẹni tó ń kọjá lọ ń jẹ́rìí láìdúró pé mo mọ̀ ọ́, mo mọ ohun tí o jẹ́. Ó lé ní 40 ọdún tí wọ́n fi ń kí obìnrin yìí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ lọ́sàn-án. Ó sùn lóru ọjọ́ kan, ó jí, ìkíni ti yí padà. Kò sí ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù mi. Ohun tí fọ́ọ̀mù sì gbé gẹ̀gẹ̀, ìwẹ̀ tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ, kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó ní àbígbẹ̀yìn òun ló ń wẹ̀ fún òun: "Mo wẹ̀ fún un, ó ń wẹ̀ fún mi. Kí ló burú níbẹ̀?"

Ojú tì mí díẹ̀. Àwọn tó dá irú iṣẹ́ wa sílẹ̀ mọ èyí. George Barton, ọ̀kan nínú wọn, oníṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni, ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe é, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ tún rọ. Iṣẹ́ igi àti ọgbà ríro ló fi gbé ara rẹ̀ dìde kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Clifton Springs, ìpínlẹ̀ New York, ní 1917. Ká tilẹ̀ fi Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ní Aro, níbí ní Abẹ́òkúta, láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti mú kí àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ní ìlú yìí kò yẹ kó ṣìnà níbi yìí rárá.

A bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìko. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rán. Ti ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sí i lára kó tó wọ aró. Ti oníko, okùn ìko ni wọ́n fi ń di í. Mo yan oníko torí pé ọwọ́ méjèèjì ló ń fẹ́, eyín náà sì ń bá wọn ṣe é. Aláró á ká aṣọ jọ ṣóńṣó, á yí ìko mọ́ ọn lọ́rùn, á fi eyín fa etí kan, á fi ọwọ́ fa ìkejì. Káfíńtà kan bá wa kan èèkàn kékeré mọ́ pátákó, kí aṣọ lè há síbẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún kò tíì lè dì í mú pẹ́. Bí ọwọ́ bá ti ń lágbára, èèkàn á máa kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀pá aṣọ méjì, tó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán kan fún un tẹ́lẹ̀, gbà á ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àgbà bá a rẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n tú ìko, àwọn òrùka funfun inú rẹ̀ kò dọ́gba: òmíràn tó ọsàn, òmíràn kò ju àgbálùmọ̀ lọ, ibi tí ìko kò ti le, aró ti yọ́ wọ ibẹ̀. Lójú tèmi, ó dára púpọ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Màmá wò mí bí ẹni tí mo bú. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ní kí wọ́n tà á fún àwọn àlejò tó ń wá wo Olúmọ, pé wọn ò ní mọ̀.

"Èmi á mọ̀."

Aṣọ náà ni wọ́n fi ń bo tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú pípàtẹ́wọ́ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyìn ọmọdé lára àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀sí ni; ohun tí Màmá fẹ́ kí n sọ ni ibi tí kò ti dára, kí òun lè tún un ṣe.

Ọwọ́ ń padà bọ̀ sípò lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni jàǹbá ṣẹlẹ̀, lóṣù karùn-ún.

Ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́jà. Ó ti gbọ́n omi sílẹ̀, ó ti gbé aró kalẹ̀. Màmá kò lè dúró dè é, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ aláró òde òní kì í fi ewé elú àti omi eérú nìkan ṣe é mọ́. Aró oníyẹ̀fun ni wọ́n ń rà, kọ́ọ́sítíìkì sódà àti hydros, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yọ́, ni wọ́n sì ń pò mọ́ ọn. Kọ́ọ́sítíìkì kò nílò iná. Bó bá ti kan omi, omi á gbóná fúnra rẹ̀. Màmá ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú abọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti yọ́ tán, bó ti ń ṣe é fìrì láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, tí yóò sì tètè fi omi ṣan án. Ọwọ́ tó bá pé á ti fà sẹ́yìn. Tirẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó ní òun kàn rí i pé omi ń yọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ló rí: ọ̀rá ara rẹ̀ ni kọ́ọ́sítíìkì ń sọ di ọṣẹ.

Ọmọ ọ̀dọ̀ sáré gbé epo pupa, ó dà á lé e lórí. Wọn ò fi omi kàn án títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, fún ìgbà pípẹ́, lohun àkọ́kọ́ tó yẹ. Ìka mẹ́rin bó. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi wà nínú báńdéèjì.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti fi òwú kan ìka rẹ̀ rí nígbà tó di ojú, ó sì mọ ibi tí òwú kàn, mo ní ìmọ̀lára rẹ̀ dára. Mi ò fi omi gbígbóná àti omi tútù dán an wò. Ọ̀nà tí ara fi ń mọ ìfọwọ́kàn àti èyí tó fi ń mọ gbígbóná kì í ṣe ọ̀kan. Èyí lè padà kí ìyẹn máà padà. Ẹ̀bi kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ: mo já ẹyọ kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ fún un bí ẹni já ewé, mi ò béèrè ibi tí ẹyọ náà ń fani lọ. Ẹni tó bá di aṣọ tán, ibo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbà tí kò bá gba ìdí ìkòkò?

Àkọ́bí rẹ̀ wá láti Èkó lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ fẹ́ káwọn èèyàn máa sọ pé a ò lè bọ́ ìyá wa?" Ó ní kí wọ́n dojú àwọn ìkòkò dé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa. Màmá ò wá sọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí mo lọ wo ojú egbò náà nílé, mo bá oníbàárà kan níbẹ̀ tó ń bínú. Ọmọ iṣẹ́ àgbà ti ń rẹ aṣọ nílé ìyá tirẹ̀, èyí tó tà fún obìnrin yìí sì ń ṣí, gbogbo omi ìfọṣọ di búlúù. Màmá ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sí òun lórí itan. Ọwọ́ ọ̀tún wà nínú báńdéèjì, ti òsì kò kúrò lórí ọ̀pá rẹ̀. Ojú ló fi wò ó, imú ló fi gbóòórùn rẹ̀.

"Ìgbà mélòó lẹ rì í?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, mà."

"Ẹ sá a láàárín?"

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. Aṣọ tó bá ń jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù, afẹ́fẹ́ náà ló sì ń mú aró jókòó sínú òwú. Wọn ò dúró kí afẹ́fẹ́ ṣe tirẹ̀ tán kí wọ́n tó tún un rì. Màmá ní kí oníbàárà gba owó rẹ̀ padà, kò bá a jiyàn, ó sì ṣèlérí aṣọ mìíràn fún un. Ó ṣe gbogbo èyí láì gbé ìka kan sókè.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀, mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ojú, imú, ẹnu, ìdájọ́, ìwọ̀nyí ò rọ rí. Ohun tí àìsàn mú lọ kéré sí ohun tí àwa tó fẹ́ràn rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ lọ bá àkọ́bí náà ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì àgbà kan níbi iṣẹ́ ní kí n jókòó. "Ta ni ọ́, tí o fẹ́ lọ kọ́ àkọ́bí bí yóò ṣe tọ́jú ìyá rẹ̀? Ta ló ń pàṣẹ nínú ẹbí yẹn?" Àbúrò Màmá ọkùnrin ni, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Òun la ránṣẹ́ sí. Nígbà tí wọ́n pe ẹbí jọ, ìta ni mo jókòó sí. Wọ́n pè mí wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí n wá sọ ohun tí ọwọ́ náà lè ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yí wọn lọ́kàn padà, kì í sì í ṣe tèmi.

"Ẹ ń fún un lówó, ẹ ṣeun," ni àbúrò wí. "Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ta lẹ rí i tó náwó fún?"

Ni Màmá bá là á yé wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sìnkú ìyá rẹ̀, ó fi nínú owó àwọn ọmọ ránṣẹ́, ara rẹ̀ kò gbà á. "Ẹ̀yin lẹ ná an, kì í ṣe èmi." Ó ti yọ ara rẹ̀ nínú àjọ pẹ̀lú. Ta ló ń fi owó ọmọ dá àjọ?

Ìkòkò méjì ló dìde. Wọ́n fa ìlà funfun sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, Màmá kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kọ́ọ́sítíìkì ń gbé, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kò sí aṣọ tó ń jáde láìjẹ́ pé Màmá wò ó. Òun ló ń dá iye lé e, òun ló ń di ìko nígbà tí ara bá gbà á. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní Sátidé, ọmọ iṣẹ́ ń ka ìpín rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo tẹnu mọ́ ọn pé lọ́wọ́, torí inú fóònù àbígbẹ̀yìn ni àkáǹtì rẹ̀ wà, owó tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé á tún dà bí owó ọmọ.

Nígbà tó pé oṣù 11, Barthel rẹ̀ jẹ́ 90, máàkì márùn-ún péré lé sí i láti ìgbà tí ìyá yìí kò fẹ́ rí èèyàn sójú. Dókítà ti dín oògùn alẹ́ kù títí ó fi dá a dúró. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àárọ̀ kí wọ́n tó ṣí ìkòkò ló ń lò ó, kì í sì í gbàgbé mọ́. Ìka rẹ̀ ń di ìko láìsí èèkàn, ó kàn ń falẹ̀ ni. Gbígbóná àti tútù kò padà, mi ò sì rò pé wọn yóò padà.

Kò tíì parí o. Òun àti ọmọ iṣẹ́ ń jà lórí iye tó yẹ kí ìpín jẹ́, ọmọbìnrin náà sì fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù kí ọdún tó parí. Bó bá lọ, mi ò mọ ẹni tí yóò máa ro aró lẹ́yìn ìlà funfun yẹn.

Ní tèmi, mo ti fi bírò kọ ìbéèrè kan sókè fọ́ọ̀mù, ṣáájú orúkọ àti ọjọ́ orí, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni mo sì ń bi: "Kí ni wọ́n fi ń kí yín lẹ́nu iṣẹ́?" Ó ti ṣí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi bàbá kan tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ. Ó ronú pẹ́.

"Ọdẹ alẹ́ ni mí," ó ní. "Gbogbo ayé ti sùn kí n tó dé ẹnu géètì. Ta ni ká ní ó máa kí mi?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wí i, mo sì fa àga mi sún mọ́ ọn.